Amòfin àti Agbẹjọ́rò: Ìtàn Ẹ̀rọ Nínú Kíláàsì Òfin

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ mi àtijọ́, àti ẹ̀yin tí ẹ kàn ń yà síbí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti di lọ́yà, àwọn kan sì ti di olùkọ́ òfin. Ẹ̀yin gan-an ni mo fẹ́ bá sọ̀rọ̀ jù lónìí, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò kàn, torí kò sí ẹni tí kò lè bá ara rẹ̀ níwájú adájọ́ lọ́jọ́ kan.

Èdè wa fún lọ́yà ní orúkọ méjì: amòfin àti agbẹjọ́rò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lo méjèèjì bí ẹni pé ọ̀kan náà ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká tú wọn palẹ̀ bí a ti máa ń ṣe. Amòfin ni ẹni tó mọ òfin: a, mọ̀, òfin. Agbẹjọ́rò ni ẹni tó gba ẹjọ́ ẹlòmíràn rò: a, gbà, ẹjọ́, rò. "Rò" tó wà níbẹ̀ kì í ṣe ti ká rò nǹkan nínú ọkàn. Òun ló wà nínú "rojọ́" àti "ròyìn", ìyẹn ni pé kéèyàn la ẹnu kó sọ ọ̀ràn fún ẹni tó ń gbọ́. Èèyàn lè jẹ́ amòfin nínú yàrá rẹ̀ láì bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀. Agbẹjọ́rò tí kò lanu, kí ló ń ṣe?

Ìyàtọ̀ yìí ni mo fẹ́ fi wọn ìtàn ẹ̀rọ nínú kíláàsì òfin. Ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ òfin ti ń gba ohun èlò tuntun wọlé, tí wọ́n sì ń jà lórí rẹ̀. Bí mo ṣe rí i, ohun èlò sábà máa ń ṣèrànwọ́ fún iṣẹ́ amòfin. Ibi tí wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀ ni ìgbà tó bá gba àyè agbẹjọ́rò mọ́ ọn lọ́wọ́. Amẹ́ríkà ni n ó ti mú èyí tó pọ̀ nínú ìtàn náà, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbìyànjú púpọ̀ nínú àwọn ẹ̀rọ yìí. N ó padà sílé níkẹyìn.

Ìwé ni ẹ̀rọ àkọ́kọ́

Ẹ má rò pé orí kọ̀ǹpútà ni ìtàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1870, Christopher Columbus Langdell di díìnì ilé-ẹ̀kọ́ òfin Harvard. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ni ní òfin nígbà náà kò le rárá: olùkọ́ á sọ̀rọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ á kọ ọ́ sílẹ̀, á há a sórí, ó tán. Langdell fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ka ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ fúnra rẹ̀, kó wá sọ ní kíláàsì ohun tó rí nínú rẹ̀. Ìṣòro kan wà. Inú àwọn ìwé ńláńlá ni àwọn ìdájọ́ yẹn fọ́n ká sí, ẹ̀dà wọn kò sì pọ̀ ní ilé-ìkàwé. Báwo ni odindi kíláàsì ṣe fẹ́ ka ìwé kan ṣoṣo ní alẹ́ ọjọ́ kan? Ohun tó ṣe ni pé ó ṣa àwọn ìdájọ́ lórí òfin àdéhùn jọ, ó tẹ̀ wọ́n sínú ìwé kan ní 1871, kí kálukú lè ní tirẹ̀ lọ́wọ́.

Ohun èlò nìyẹn o, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní wáyà. Ẹ sì kíyè sí bó ṣe tò ó: ó ti mọ iṣẹ́ tó fẹ́ kó ṣe kó tó ṣe é. Nígbà tó wọ kíláàsì, kò ka ìwé náà fún wọn. Ó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú ẹjọ́ Payne v. Cave, ẹjọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tó dá lórí ọjà gbàǹjo. Ìbéèrè wá ń gun orí ìbéèrè. Inú ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò dùn sí i, àwọn mìíràn tilẹ̀ pa kíláàsì rẹ̀ tì, torí wọ́n fẹ́ kí olùkọ́ kàn sọ òfin fún wọn kí wọ́n máa lọ. Ṣùgbọ́n bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọ̀nà yẹn di ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ òfin Amẹ́ríkà. Ìwé gba iṣẹ́ amòfin lọ sílé, àyè wá ṣí sílẹ̀ ní kíláàsì fún agbẹjọ́rò.

Ẹ̀rọ tó ń wá òfin, ẹ̀rọ tó ń béèrè

Ẹ jẹ́ ká fo nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ní 1973, Lexis jáde. Ní 1975, Westlaw tẹ̀lé e. Ohun tó ń gba lọ́yà ní ọjọ́ mẹ́ta nínú ilé-ìkàwé, kó máa ṣí ìwé kan tẹ̀lé òmíràn, ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Tẹ ọ̀rọ̀ sí i, á kó ìdájọ́ jáde. Kò sí ẹni tó bá èyí jà púpọ̀, àbí ta ni yóò bínú sí ohun tó dín eruku ìwé kù? Iṣẹ́ amòfin ni, kò sì wọ inú kíláàsì wá dí ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

Ní 1982, Harvard àti Yunifásítì Minnesota para pọ̀ dá àjọ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní CALI, láti máa fi kọ̀ǹpútà kọ́ni ní òfin. Ẹ̀kọ́ wọn máa ń gbé ọ̀ràn kan kalẹ̀, á béèrè ìbéèrè, akẹ́kọ̀ọ́ á dáhùn, ẹ̀rọ á sì sọ ìdí tí ìdáhùn náà fi tọ̀nà tàbí tí kò fi tọ̀nà. Ọgbọ́n méjì ló wà nínú ètò yìí. Èkíní, ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan kò ní láti máa dá ná owó tirẹ̀: ohun tí olùkọ́ kan bá kọ, gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló ń lò ó. Èkejì, ẹ̀rọ kì í su. Akẹ́kọ̀ọ́ tí kò yé lè béèrè nígbà ogún láì tijú ẹnikẹ́ni.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tó mọ sí. Ẹni tó bá ń yan A tàbí B lójú kọ̀ǹpútà kò tíì rojọ́. Kò sí ẹni tó ń wò ó lójú, kò sí ẹni tó ń já lu ọ̀rọ̀ rẹ̀ bí adájọ́ ṣe ń ṣe. Ìdí nìyí tó fi dára fún kíkà ṣáájú kíláàsì tàbí lẹ́yìn kíláàsì, tí kò sì lè dípò kíláàsì.

Ní 1992, ẹni méjì ní ilé-ẹ̀kọ́ òfin Cornell, Thomas Bruce àti Peter Martin, dá Legal Information Institute sílẹ̀ láti máa gbé òfin sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Ìṣòro ni pé Windows ló wà nínú kọ̀ǹpútà àwọn lọ́yà, kò sì tíì sí ètò kankan tí wọ́n lè fi wo ìkànnì lórí Windows. Bruce bá jókòó, ó kọ ọ̀kan. Cello lorúkọ rẹ̀, ó jáde ní 1993, òun sì ni àkọ́kọ́ irú rẹ̀ fún Windows. Nígbà tí ẹnì kan bá sọ fún yín pé àwọn olófin kì í ṣe aṣáájú nínú ìmọ̀ ẹ̀rọ, ẹ sọ ìtàn yìí fún un.

Nígbà tí ẹ̀rọ wọ kíláàsì

Títí di ìgbà yẹn, ilé-ìkàwé àti yàrá kọ̀ǹpútà ni ẹ̀rọ ń gbé. Kọ̀ǹpútà alágbèéká ló mú un wọ inú kíláàsì, íntánẹ́ẹ̀tì aláìlo-wáyà sì tẹ̀lé e. Ibẹ̀ ni ìjà ti bẹ̀rẹ̀.

Ní 2006, ọ̀jọ̀gbọ́n òfin kan ní Memphis ní kí ẹnikẹ́ni má gbé kọ̀ǹpútà wọ kíláàsì òun mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀wé ẹ̀hónú. Ní 2007, David Cole tó ń kọ́ni ní Georgetown kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn Washington Post pé òun náà ti fòfin dè é. Ìdí tó sọ kì í ṣe ti eré orí íntánẹ́ẹ̀tì nìkan. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ tó ń tẹ̀wé yára débi pé gbogbo ọ̀rọ̀ olùkọ́ ló ń kọ sílẹ̀ bí akọ̀wé kóòtù, kò sì ráyè ronú sí i. Ní 2008, ilé-ẹ̀kọ́ òfin Yunifásítì Chicago gba ọ̀nà mìíràn: wọ́n gé íntánẹ́ẹ̀tì kúrò nínú ọ̀pọ̀ jù lọ kíláàsì wọn, ṣùgbọ́n wọn kò lé kọ̀ǹpútà jáde.

Èmi náà kọ́ni pẹ́. Mo mọ ojú akẹ́kọ̀ọ́ tó ń gbọ́rọ̀, mo sì mọ ojú ẹni tó ń kọ̀wé láìgbọ́. Ìwé ìwádìí kan tí Pam Mueller àti Daniel Oppenheimer gbé jáde ní 2014 sọ pé àwọn tó fi ọwọ́ kọ̀wé dáhùn ìbéèrè òye dáadáa ju àwọn tó tẹ̀ ẹ́ lọ. Àwọn tó tún ìwádìí náà ṣe lẹ́yìn náà kò rí ìyàtọ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìwádìí kan ṣoṣo dẹ́rù bà yín. Ẹ má sì gbàgbé pé akẹ́kọ̀ọ́ kan wà tí ọwọ́ rẹ̀ kò gba kíkọ̀wé, òmíràn wà tí ojú rẹ̀ kò ríran tó. Tí ẹ bá fòfin de ẹ̀rọ fún gbogbo ènìyàn, tí ẹ wá yọ̀ǹda fún òun nìkan, ẹ ti na ìka sí i láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀.

Lójú tèmi, ọ̀nà Chicago ló sún mọ́ ọgbọ́n jù, torí pé wọ́n ya ẹ̀rọ ìkọ̀wé sọ́tọ̀ kúrò lára ọjà tó wà nínú rẹ̀. Ohun tó yẹ ká béèrè ni pé: nínú wákàtí yìí, ṣé mímọ̀ là ń kọ́ ni àbí sísọ?

Ilé wa ńkọ́?

Ẹ ó rántí pé ìlú Lọ́ńdọ̀nù ni àwọn lọ́yà wa àkọ́kọ́ ti gba ìwé ẹ̀rí. Christopher Sapara Williams, ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí wọ́n bí sí Freetown, di lọ́yà ní Inner Temple ní 1879. Ní ilé wọ̀nyẹn, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ jẹ oúnjẹ alẹ́ pẹ̀lú àwọn àgbà iṣẹ́ náà fún iye ìgbà kan kó tó lè gba oyè. Àwọn kan ń fi í rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ibi oúnjẹ yẹn ni ọmọdé ti ń gbọ́ bí àgbà ṣe ń sọ̀rọ̀. Ìgbìmọ̀ Unsworth ní 1959 ló dá a lábàá pé ká máa kọ́ lọ́yà wa nílé. Òfin jáde ní 1962, Nigerian Law School sì bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1963 pẹ̀lú akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́jọ péré. Oúnjẹ alẹ́ náà bá wọn dé ibẹ̀, ó ṣì wà títí dòní.

Ẹ fi mẹ́jọ yẹn wé ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó ń wọlé lọ́dọọdún báyìí. Nínú gbọ̀ngàn tó kún bẹ́ẹ̀, gbohùngbohùn àti ojú-ìwòran ara ògiri ti di dandan kí ẹni tó jókòó lẹ́yìn lè gbọ́. Ohùn olùkọ́ ni wọ́n ń gbé ga, kì í ṣe ti akẹ́kọ̀ọ́. Bí gbohùngbohùn mẹ́rin bá wà, tí gbogbo rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ olùkọ́, amòfin nìkan ni ẹ̀rọ náà ń sìn.

Ọ̀ràn National Open University náà wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó ka òfin níbẹ̀ fi dúró lẹ́nu ọ̀nà Law School tí wọn kò gbà wọ́n wọlé, torí wọ́n ní ẹ̀kọ́ orí lẹ́tà ni. Oṣù Kejìlá 2018 ni Ààrẹ Buhari tó buwọ́ lu àtúnṣe òfin yunifásítì náà. Lọ́dún yẹn kan náà, àwọn tó ń ṣàkóso ẹ̀kọ́ òfin ní Amẹ́ríkà gbà kí ìdá kan nínú mẹ́ta ẹ̀kọ́ lè wáyé láti ọ̀nà jíjìn. Lẹ́yìn náà ni àrùn kòrónà dé ní 2020, ilé-ẹ̀kọ́ kó gbogbo rẹ̀ lọ sórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ohun tí wọ́n ní kò ṣeé ṣe wá di ṣíṣe.

Ṣùgbọ́n ọ̀nà tó dáa ti wà ṣáájú. Ní Oṣù Kìíní 2015, ilé-ẹ̀kọ́ òfin William Mitchell ní Minnesota bẹ̀rẹ̀ ètò alábọ̀dé kan. Akẹ́kọ̀ọ́ á ka ìwé, á sì gbọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ láti ilé rẹ̀, ṣùgbọ́n ní sáà kọ̀ọ̀kan ó gbọ́dọ̀ wá sí ilé-ẹ̀kọ́ fún ọjọ́ mélòó kan, kó dìde, kó rojọ́ níwájú ènìyàn. Àwọn wọ̀nyẹn mọ orúkọ méjèèjì tí lọ́yà ń jẹ́, bí wọn kò tilẹ̀ gbọ́ Yorùbá. Ká ní irú èyí la fi lọ àwọn ọmọ National Open University láti ìbẹ̀rẹ̀ ni, dípò ká máa jà lórí orúkọ tí à ń pe ẹ̀kọ́ wọn, mélòó nínú wọn ni ì bá ti fi ọjọ́ orí wọn ṣòfò?

Ẹ̀rọ tó ń sọ̀rọ̀

Ní ìparí 2022, ChatGPT dé. Nígbà tó di Oṣù Kẹfà 2023, adájọ́ kan ní New York bu owó ìtanràn 5,000 dọ́là lé àwọn lọ́yà méjì àti ilé-iṣẹ́ wọn lórí nínú ẹjọ́ Mata v. Avianca, torí wọ́n kó àwọn ìdájọ́ tí kò sí níbì kankan wá sílé-ẹjọ́. Ẹ̀rọ ló hùn wọ́n, wọn kò sì yẹ̀ wọ́n wò.

Ohun tuntun tó wà nínú èyí ni pé, fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀rọ dé tó mọ ọ̀rọ̀ sọ ju bó ṣe mọ òfin lọ. Lexis mọ̀, kò lè sọ. Èyí ń sọ, kò mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bẹ ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ni: ẹ má kàn lé e jáde, ẹ má sì kàn gbé e wọlé nítorí pé wọ́n ti rà á. Ẹ mú èsì tó bá kọ wá sí kíláàsì, kí akẹ́kọ̀ọ́ kan gbè é, kí èkejì tako ó, kí àwọn méjèèjì lọ wá ìdájọ́ tó tọ́ka sí bóyá ó wà. Lẹ́yìn náà kí ẹ pààrọ̀ wọn, torí àgbọ́ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni.

Ọmọ tó bá ti ibẹ̀ jáde, ẹ lè gbé ẹjọ́ yín lé e lọ́wọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú iṣẹ́ náà, ẹ sọ fún mi bó ṣe ń lọ ní kíláàsì tiyín. Ó dìgbà kan ná.