Ọkọ̀ Ayọ́kẹ́lẹ́, Eré Ìje àti Awakọ̀ Èrò Lójú Ọ̀nà Oǹdó sí Àkúrẹ́

Bí ènìyàn bá ń sọ̀rọ̀ eré ìje ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ nílẹ̀ Afíríkà, Safari ti Ìlà-Oòrùn Afíríkà, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1953, ni ó sábà máa ń kọ́kọ́ wá sí ọkàn. Ibẹ̀ ni Peugeot ti lórúkọ. Peugeot 404 borí ní 1963, ó sì tún borí lọ́dọọdún láti 1966 dé 1968. Ní 1975, Ove Andersson, ọmọ ilẹ̀ Sweden, fi 504 gba ipò kìn-ín-ní.

Ọdún 1975 yìí kan náà ni ilé-iṣẹ́ tí ń to Peugeot bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Kàdúná, tí Volkswagen sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Èkó pẹ̀lú ọkọ̀ tí àwọn ènìyàn sọ ní Ìjàpá. (Ìrísí rẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ, ṣùgbọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ 504, ìrìn rẹ̀ náà jẹ́ orúkọ ọ̀hún.) Ní oṣù kejì 1976 ni a dá Ìpínlẹ̀ Oǹdó sílẹ̀. Àkúrẹ́ di olú-ìlú, ará Oǹdó tí ó bá sì ní ọ̀ràn pẹ̀lú ìjọba di ẹni tí ń wọkọ̀ kọjá afárá Ọ̀wẹnà.

Ọ̀nà náà kò tó 60 kìlómítà. Lójú títì yìí, pẹ̀lú èrò nínú ọkọ̀, ni àwọn awakọ̀ ti ń bá ara wọn díje. Àlàyé tí ó wọ́pọ̀ ni pé ẹ̀mí Ògún ni ó ń gùn wọ́n. Òótọ́ ni pé Oǹdó kì í fi ọdún Ògún ṣeré, tí àwọn awakọ̀ sì ń kópa nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ààbò ni awakọ̀ ń tọrọ lọ́wọ́ Ògún, kì í ṣe eré àsápajúdé.

Ètò owó ni ó yẹ kí a wò. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ kọ́ ni ó ni ọkọ̀ tí wọ́n ń wà. Iye kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ kó fún onímọ́tò lójoojúmọ́. Ohun tí ó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn owó epo ni tiwọn. Ní gáréèjì, ẹni tí ó bá kọ́kọ́ dé ni yóò kọ́kọ́ kó èrò. Bí ọkọ̀ kan ṣoṣo bá ṣáájú awakọ̀ wọ Àkúrẹ́, ó di dandan kí ó jókòó títí ọkọ̀ náà yóò fi kún kí tirẹ̀ tó kàn, ó sì lè pàdánù àlọ àti àbọ̀ kan lọ́jọ́ náà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ sí ti Safari nìyí. Níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ọkọ̀ ń gbéra, aago sì ni ó ń dájọ́. Afọ̀nàhàn ló jókòó ti awakọ̀, mẹkáníìkì sì ń dúró dè é pẹ̀lú táyà tuntun. Lójú ọ̀nà Oǹdó, ipò lórí ìlà ni wọ́n ń sá eré lé, èrò tí ó sanwó ọkọ̀ ni ó sì jókòó ti awakọ̀.

Ní 1988, ìjọba àpapọ̀ dá àjọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó sílẹ̀, Wọlé Ṣóyínká sì ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Àjọ náà lágbára láti mú ẹni tí ó bá sáré ju bó ṣe yẹ lọ. Ìṣirò owó láàrin awakọ̀ àti onímọ́tò kò sí lára iṣẹ́ tí a gbé lé e lọ́wọ́.