Ìrìn-àjò tí oòrùn ń yọ lẹ́ẹ̀mejì

Ẹnìkan nínú ẹ̀yin olùgbọ́ ló bi mí pé, láti Perth ní Ọsirélíà dé London, báwo ló ṣe jìnnà tó? Kìlómítà 14,500 ni, ká fojú bù ú. Bàálù ń fò ó fún bíi wákàtí 17, kò sì ní balẹ̀ síbì kankan lójú ọ̀nà. Oṣù Kẹta ọdún 2018 ni iléeṣẹ́ Qantas bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ìdáhùn yẹn ti tán, àmọ́ ìtàn tó wà lẹ́yìn ẹ̀ ni mo fẹ́ sọ.

Kí Ogun Àgbáyé Kejì tó dé ọ̀dọ̀ wọn, bàálù ti ń ti Ọsirélíà lọ sí ìlú ọba. Bíi ọjọ́ mẹ́wàá ni, torí ṣe ló ń balẹ̀ láti ìlú dé ìlú, bí ẹyẹ tó ń ti ẹ̀ka bọ́ sí ẹ̀ka. Singapore wà lára ibi tó ń bà. Nígbà tó di February 15, 1942, Singapore bọ́ sọ́wọ́ àwọn ọmọ ogun Jàpáánì. Bí ọ̀nà ṣe dí nìyẹn.

Kí ni wọ́n wá ṣe? Lọ́dún 1943, wọ́n kó bàálù Catalina márùn-ún jáde, irú èyí tó ń gbéra lórí omi tó sì ń bà sórí omi. Láti odò tó wà ní Perth, wọ́n á fò tààrà lórí Òkun Íńdíà dé adágún Koggala ní Ceylon, tí à ń pè ní Sri Lanka lónìí. Ó ju kìlómítà 5,600 lọ, omi nìkan sì ni. Catalina yìí ò yára: bíi kìlómítà 200 ní wákàtí kan. Kò ní ìbọn. Epo tó gbé wúwo débi pé èrò mẹ́ta péré ló lè kó, pẹ̀lú lẹ́tà tí kò ju kílò 69 lọ. Tí ẹ́ńjìnnì kan bá kú láwọn wákàtí àkọ́kọ́, èkejì ò lè dá a gbé sókè.

Èyí tó máa ń dẹ́rù bà mí jù ni pé wọn ò gbọ́dọ̀ fọhùn lórí rédíò, kí ọ̀tá má baà mọ ibi tí wọ́n wà. Ìràwọ̀ ni wọ́n ń wò mọ̀nà. Èmi tí gúgù máàpù ń mú kiri Ìkẹjà, tí mo ṣì ń ṣìnà!

Ìrìn-àjò tó pẹ́ jù lò wákàtí 32 àti ìṣẹ́jú 9. Èrò inú ọkọ̀ á rí i kí oòrùn yọ, kó wọ̀, kó tún yọ. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún wọn ní ìwé ẹ̀rí pé wọ́n ti di ọmọ Ẹgbẹ́ Ìkọ̀kọ̀ Oòrùn Ẹlẹ́ẹ̀mejì. Títí wọ́n fi dáwọ́ dúró ní Oṣù Keje ọdún 1945, ìgbà 271 ni wọ́n la òkun yẹn já. Ẹnìkan ò kú.

Ní December 1, 1947, Qantas gbé bàálù Constellation láti Sydney lọ sí London: ọjọ́ mẹ́rin. Owó àlọ àtàbọ̀ jẹ́ pọ́n-ùn 585, ó ju ohun tí òṣìṣẹ́ tó pọ̀ ń gbà lódindi ọdún kan lọ.

Àwọn Catalina márùn-ún ńkọ́? Nígbà tógun parí, àdéhùn tí wọ́n fi yá wọn ò jẹ́ kí wọ́n lè fi wọ́n ṣòwò. Wọ́n wọ́ wọn jáde sórí òkun, wọ́n sì mọ̀ọ́mọ̀ rì wọ́n.