Yamoussoukro: Ààfin, adágún ọ̀nì àti bàsílíkà tí Houphouët-Boigny kọ́ sí abúlé rẹ̀

Ẹni tó bá gba títì láti Bouaké, ní àárín gbùngbùn Côte d'Ivoire, lọ sí ìhà gúúsù fún nǹkan bí 100 kìlómítà yóò dé Yamoussoukro. Kó tó wọ ìlú náà ni yóò ti máa rí òrùlé rìbìtì bàsílíkà kan tó ga ju gbogbo ilé àti igi àyíká rẹ̀ lọ. Bó bá wọ ìlú, yóò bá ògiri gígùn tó yí ààfin kan po, adágún omi tí ọ̀nì ń gbé inú rẹ̀, àti àwọn títì fífẹ̀ tí ọkọ̀ kò pọ̀ lórí wọn.

Ọkùnrin kan ṣoṣo ló ní èrò gbogbo èyí lọ́kàn: Félix Houphouët-Boigny, ààrẹ àkọ́kọ́ ní Côte d'Ivoire, tó ṣàkóso láti ọdún 1960 títí tó fi kú lọ́jọ́ Keje, oṣù Kejìlá, ọdún 1993. Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí onílé ti lọ. Ìbéèrè tó kù nílẹ̀ ni pé: ta ló ń tọ́jú irú ilé bẹ́ẹ̀, kí ni wọ́n sì ń fi ṣe?

Abúlé tó di olú ìlú

Àwọn Baoulé ló ni agbègbè náà. Nínú èdè wọn, "kro" túmọ̀ sí abúlé tàbí ìlú. Yamoussoukro jẹ́ ìlú Yamousso, obìnrin kan láti ìdílé Houphouët-Boigny tó jẹ́ olórí níbẹ̀ lásìkò ìjọba amúnisìn Faransé. N'Gokro ni wọ́n ń pe abúlé náà tẹ́lẹ̀.

Iṣẹ́ ìṣègùn ni Houphouët-Boigny kọ́ kó tó di olóyè àti àgbẹ̀ ńlá tó ń gbin kọfí àti kòkó. Ní ọdún 1944, ó léwájú nínú dídá ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ adúláwọ̀ sílẹ̀, nítorí pé ìjọba ń ṣe ojúsàájú fún àwọn àgbẹ̀ òyìnbó. Ní ọdún 1946, òfin tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè fòpin sí iṣẹ́ àfipáṣe ní àwọn ilẹ̀ tó wà lábẹ́ Faransé. Oko ni ìpìlẹ̀ ọrọ̀ rẹ̀, oko náà ló sì gbé e dé ìdí òṣèlú.

Nígbà tó di ààrẹ, ó sọ abúlé rẹ̀ di ìlú tuntun: ó gbẹ́ adágún, ó kọ́ ilé ẹ̀kọ́ gíga, ilé ìtura ńlá àti pápá gọ́ọ̀fù. Ní ọdún 1983, Yamoussoukro di olú ìlú Côte d'Ivoire. Síbẹ̀, Abidjan ni ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ìjọba ṣì fìdí kalẹ̀ sí.

Ààfin àti àwọn ọ̀nì rẹ̀

Ilẹ̀ ìdílé rẹ̀ ni wọ́n kọ́ ààfin náà sí. Lọ́jọ́ Keje, oṣù Kejì, ọdún 1994, lẹ́yìn ìsìn ìkẹyìn ní bàsílíkà, inú ọgbà ààfin yìí ni wọ́n sin ín sí. Ilé náà tipa bẹ́ẹ̀ di ibojì, kì í sì í ṣe ibi tí àlejò kàn lè wọ̀.

Ohun tí àlejò máa ń rí ni adágún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. "Caïman" ni àwọn ará ìlú ń pe àwọn ẹranko inú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nì ni wọ́n, nítorí pé ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni caïman ti wá. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn èrò máa ń pé jọ láti wo bí wọ́n ṣe ń fi ẹran àti adìyẹ bọ́ wọn, ọ̀pọ̀ sì rí wọn gẹ́gẹ́ bí àmì agbára ààrẹ. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2012, ọ̀nì kan pa àgbàlagbà tó ti ń tọ́jú wọn láti ọjọ́ pípẹ́, níṣojú àwọn olùwòran.

Ilé tí Póòpù sùn lẹ́ẹ̀kan

Láàárín ọdún 1985 sí 1989 ni wọ́n kọ́ Bàsílíkà Ìyá Wa ti Àlàáfíà. Pierre Fakhoury ló ya àwòrán rẹ̀. Gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 158. Póòpù John Paul Kejì yà á sí mímọ́ lọ́jọ́ Kẹwàá, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1990. Nínú ọgbà rẹ̀ ni ilé méjì tó jọra wà: àwọn àlùfáà ń lo ọ̀kan, èkejì sì wà fún Póòpù. John Paul Kejì nìkan ni Póòpù tó tíì lò ó.

Àríyànjiyàn pọ̀ lórí owó rẹ̀, torí pé ọrọ̀ ajé dẹnu kọlẹ̀ lákòókò náà bí iye kòkó ṣe já wálẹ̀. Houphouët-Boigny ní owó ara òun lòun fi kọ́ ọ. Póòpù bèèrè pé kí wọ́n kọ́ ilé ìwòsàn sítòsí rẹ̀, ṣùgbọ́n ó ju ogún ọdún lọ kí ilé ìwòsàn náà tó ṣílẹ̀kùn.

Ogun dé ẹnu ọ̀nà

Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2002, ọ̀tẹ̀ bẹ́ sílẹ̀, Bouaké sì di ibùjókòó àwọn ọlọ̀tẹ̀. Yamoussoukro wà lọ́wọ́ ìjọba. Títì kan náà tó so ìlú méjèèjì pọ̀ di ibi tí àwọn ọmọ ogun ti ń ṣọ́ ara wọn, títí di ìgbà tí wọ́n tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn ní Ouagadougou lọ́dún 2007. Ìṣọ̀kan tí Houphouët-Boigny fẹ́ kí olú ìlú tuntun náà dúró fún ti fọ́ sí méjì ní ìwọ̀nba kìlómítà sí ààfin rẹ̀.

Bí onílé bá lọ

Irú ọ̀ràn yìí ti ṣẹlẹ̀ níbòmíràn. Ní Stowe, ní àgbègbè Buckinghamshire ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọlọ́lá ọ̀rúndún kejìdínlógún kọ́ tẹ́ńpìlì àti ilé ẹ̀ṣọ́ tó ju 40 lọ sínú ọgbà wọn. Gbèsè mú àwọn àrólé wọn. Ilé náà di ilé ẹ̀kọ́ lọ́dún 1923, àjọ National Trust sì gba ìtọ́jú ọgbà lẹ́yìn náà. Ní Èkó, ọ̀ràn gba ọ̀nà mìíràn: Ilojo Bar, tí wọ́n kọ́ lọ́dún 1855, tí ìjọba sì kà sí ohun ìrántí orílẹ̀-èdè lọ́dún 1956, ni wọ́n wó lulẹ̀ lọ́dún 2016.

Ní Yamoussoukro, àwọn ilé tó rí iṣẹ́ ṣe ló ń mí. Ìjọ ń pàdé ní bàsílíkà. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga rẹ̀ ni wọ́n pa pọ̀ lọ́dún 1996 di ilé ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ní gbọ̀ngàn àjọ àlàáfíà tó dá sílẹ̀ ni Angela Merkel, olórí ìjọba Jámánì tẹ́lẹ̀, ti gba àmì ẹ̀yẹ àlàáfíà UNESCO ní oṣù Kejì ọdún 2023. Ṣùgbọ́n ewé ojú omi ti bo apá kan àwọn adágún, àwọn ọ̀nì sì ń dúró de ẹni tí yóò bọ́ wọn.