UBEC/SUBEB: àkọlé ara ògiri tí gbogbo wa kà, tí a ò bèèrè nípa rẹ̀

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yìí gùn díẹ̀, ẹ wá ibi jókòó.

Tí ẹ bá ti wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba rí, ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ní Àgọ́-Ìwòyè, níbikíbi, ẹ ti rí àkọlé yìí: UBEC/SUBEB, ọdún kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí wọ́n fi ọ̀dà kọ sára ògiri kíláàsì. Nígbà mìíràn ó máa ń wà lẹ́yìn àga pẹ̀lú. Èmi ti kà á títí mo fi jáde Primary 6. Mo rò pé orúkọ kọngílá ni.

Ìgbà tí mo wà ní Primary 4 ni mo kọ́kọ́ fura. Wọ́n ní àlejò ń bọ̀ wá ka àga. Láàárọ̀ kùtù, ọkọ̀ kan já àga wálẹ̀ fún wa, a sì gbé wọn wọlé. Orúkọ ilé ìwé mìíràn ló wà lẹ́yìn wọn. Tíṣà ní ká fẹ̀yìn tì í dáadáa, ká má dìde láìnídìí. Àwọn àlejò dé, wọ́n kà, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, wọ́n mu málítì, wọ́n lọ. Kí ilé ìwé tó parí, ọkọ̀ ti padà wá kó àga rẹ̀, àwa náà sì padà sórí bẹ́ńṣì tó ń já wa láṣọ. (Mi ò ní dárúkọ ilé ìwé náà o. Ẹ má wulẹ̀ wá sí DM.)

Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ láti ọjọ́ yẹn ni pé: ta ló ń ka àga yìí, ta ló rán wọn?

Ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Ní 1882, ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe òfin ẹ̀kọ́ fún Èkó àti Gold Coast. Wọ́n á fún ilé ìwé míṣọ́nnárì lówó ìrànwọ́, ṣùgbọ́n ìnísípẹ́kítọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wá dán àwọn ọmọ wò. Ọmọ tó bá yege ló ń mú owó wá. Ẹ fojú inú wo bí àyà tíṣà ṣe máa ń já lọ́jọ́ náà! Nígbà tó di 1889, Henry Carr, ọmọ Sàró, di igbákejì ìnísípẹ́kítọ̀ ilé ìwé ní Èkó. Ìjẹ̀bú tiwa kò sí lábẹ́ òfin yẹn nígbà náà, torí ogun Ìmàgbọn kò tíì ṣẹlẹ̀ àfi 1892.

Ẹ jẹ́ ká fò dé 1952. Ẹni tó gbé àbá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ síwájú ilé aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn ni Stephen Awókọ̀yà, Mínísítà Ẹ̀kọ́. Ọmọ Awà-Ìjẹ̀bú ni, òun sì ni ọ̀gá àkọ́kọ́ ní Molusi College, Ìjẹ̀bú-Igbó. Gbogbo wa mọ orúkọ Awólọ́wọ̀ nínú ọ̀rọ̀ yìí, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àwa ará Ìjẹ̀bú North ò dárúkọ Awókọ̀yà tó.

Ní ọjọ́ 17, oṣù kìíní, 1955, ó bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọ tó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kúrò ní bíi 457,000 ní 1954, wọ́n di ẹni tó lé ní 811,000. Màmá màmá mi wà nínú wọn. Wọ́n ní kó gbé ọwọ́ kọjá lórí kó fi kan etí kejì. Ọwọ́ rẹ̀ ò kàn án dáadáa, ó bá dorí kọ ẹ̀gbẹ́ kan, ó kàn án. Ó ṣì máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí dòní.

Ohun kan wà nínú ti 1955 tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ìbàdàn ló ń sanwó, Ìbàdàn náà ló ń rán ìnísípẹ́kítọ̀. Owó àti ojú wà níbì kan náà.

Ní ọjọ́ 3, oṣù kejì, 1976, wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ògùn sílẹ̀. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún yẹn kan náà, Ọbásanjọ́, tó jẹ́ olórí ológun, gbé ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀ fún gbogbo Nàìjíríà. Ìpínlẹ̀ wa jẹ́ ọmọ oṣù méje! Wọ́n ní àwọn ń retí ọmọ mílíọ̀nù 2.3 káàkiri orílẹ̀-èdè, àwọn tó dé sún mọ́ mílíọ̀nù 3. Owó epo ló gbé ètò náà dúró. Kò pé ọdún mélòó kan, Ìjọba Àpapọ̀ kó ẹrù náà lé ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ lọ́rùn. Ní 1988 wọ́n dá àjọ kan sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, wọ́n tú u ká ní 1991, wọ́n tún dá a padà ní 1993. Ẹ má bi mí pé kí ló dé.

Ọbásanjọ́ tún padà wá. Ní 1999 ó kéde UBE ní Sókótó, òfin rẹ̀ sì jáde ní 2004. Òfin yìí ni àkọlé ara ògiri yẹn ti wá. UBEC ni àjọ tó wà ní Àbújá. SUBEB ni ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tiwa wà ní Abẹ́òkúta.

Báyìí ni owó ṣe ń rìn. Ìjọba Àpapọ̀ ń yọ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lára àpò owó rẹ̀ sílẹ̀ fún ètò yìí. Ṣùgbọ́n UBEC ò kàn ní fún Ògùn. SUBEB gbọ́dọ̀ kọ ètò iṣẹ́ kalẹ̀: ilé ìwé wo, kíláàsì mélòó, àga mélòó, ilé ìgbẹ́ mélòó. UBEC á yẹ̀ ẹ́ wò. Ìpínlẹ̀ náà á wá gbé owó tirẹ̀ sílẹ̀, náírà kan fún náírà kan. Ìgbà yẹn ni ti Àbújá tó jáde. Ẹni tí kò bá ṣe ìṣirò èyí tó gbà kẹ́yìn, èyí tó kàn ò ní jáde fún un. Ìdí nìyí tí ẹ fi máa ń gbọ́ pé owó ilé ìwé àwọn ìpínlẹ̀ kan wà nílẹ̀ ní Àbújá, tí wọn ò lọ gbà á. Owó wà, ọmọ ń jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Àbújá ní owó, ṣùgbọ́n kò lè mọ kíláàsì tó ń jò ní Òkè-Àgbò. SUBEB ló lè mọ̀ ọ́n, pẹ̀lú àwọn ará ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó ń lọ láti ilé ìwé dé ilé ìwé. Iṣẹ́ wọn kì í ṣe kíka àga nìkan o. Ara owó yìí ni ìwé kíkà àti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn tíṣà. Alábẹ̀wò tó dáa máa ń jókòó lẹ́yìn kíláàsì, á wo bí tíṣà ṣe ń kọ́ni, á sì fi ọ̀nà hàn án.

Ibi tí èmi rí i pé ó ti yọ̀ ni pé SUBEB tó ń gbé iṣẹ́ fún kọngílá, òun náà ló ń lọ wo iṣẹ́ náà kí Àbújá tó dé. Ọ̀nà tí wọ́n fi gbìyànjú láti dí ihò yẹn ni ìgbìmọ̀ SBMC: òbí, tíṣà, ẹni tí baálẹ̀ rán, àwọn tó ti jáde níbẹ̀. Òbí tó ń gbé lẹ́yìn ọgbà ilé ìwé á rí ọkọ̀ tó kó àga wá láàárọ̀, á sì rí i nígbà tó ń kó wọn lọ. Tó bá mọ̀ pé òun lẹ́tọ̀ọ́ láti bèèrè ni.

Ní Àgọ́-Ìwòyè, tí ọ̀dà dára, tí yunifásítì wà, alábẹ̀wò lè wo ilé ìwé mẹ́ta kó tó jẹun ọ̀sán. Ẹ wá lọ sí Ògùn Waterside. Abigi, olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ yẹn, jìnnà sí Abẹ́òkúta ju ọgọ́rùn-ún kìlómítà lọ, àwọn abúlé kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀ tó jẹ́ omi ló yí wọn ká.

Mo lọ síbẹ̀ lọ́dún tó kọjá láti ya fídíò. A wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ìwópin, ẹ̀rọ rẹ̀ kú lẹ́ẹ̀mejì, mo ké pe gbogbo orúkọ Ọlọ́run tí mo mọ̀. Ilé ìwé tí a dé ní kíláàsì mẹ́ta, àkọlé wa sì wà lára ògiri, omi ti pa ọdún rẹ̀ rẹ́.

Ọ̀gá ilé ìwé gbé ìwé àlejò jáde láti inú ọ̀rá. Gbogbo ilé ìwé gbọ́dọ̀ ní in. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i sẹ́yìn. Àwọn tó wá fún ọmọ lábẹ́rẹ́ àjẹsára ló kọ orúkọ kẹ́yìn. Ẹni ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ kan wà lójú ewé tó ṣáájú. Ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òrùlé fẹ́ àtúnṣe, ó fọwọ́ sí i. Mo gbójú sókè. Mo rí ojú ọ̀run láti inú kíláàsì.

Ọ̀gá ní, “Àǹtí, ẹ̀yin náà ẹ kọ orúkọ yín.” Mo kọ ọ́. Níbi tí wọ́n ti ń bèèrè ìdí àbẹ̀wò, mo dúró díẹ̀. Mo wá kọ ọ́ pé: mo wá wo òrùlé.