Kí Jumia Tó Dé, Òṣómàáló Ti Wà

Ẹ̀yin akẹgbẹ́ mi, púpọ̀ nínú iṣẹ́ àṣekágbá tí mo kà lórí káràkátà orí íntánẹ́ẹ̀tì nílẹ̀ wa, ọdún 2012 ni ìtàn wọn ti bẹ̀rẹ̀. Lóòótọ́, ọdún náà ni Jumia àti Konga bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Àmọ́ ohun tó jẹ́ káwọn èèyàn gbà láti rajà lọ́wọ́ ẹni tí wọn ò rí ni pé ọjà á kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà wọn kí wọ́n tó sanwó. Ìyẹn kì í ṣe tuntun.

Àwọn Ìjẹ̀ṣà ti fi aṣọ ṣe é ní ọgọ́rùn-ún ọdún tó kọjá. (Ọmọ Iléṣà ni mí, ẹ má bínú.) Wọ́n á ru aṣọ láti abúlé dé abúlé, wọ́n á tà á láwìn, wọ́n á sì padà wá gbowó díẹ̀díẹ̀. Tí oníbàárà bá ń fòní dónìí fọ̀la dọ́la, ọlọ́jà á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ títí owó á fi jáde. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè wọ́n ní òṣómàáló. J.D.Y. Peel kọ nípa wọn nínú Ijeshas and Nigerians, tó jáde lọ́dún 1983.

Òṣómàáló mọ ilé oníbàárà, ó sì mọ ìgbà tí owó kòkó ń wọlé. Kí ni ọlọ́kadà tó ń gbé ọjà tòní mọ̀? "Ilé funfun lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ pè mí tẹ́ ẹ bá dé ìdí ọ̀pá iná." Tí oníbàárà bá ní òun ò rà mọ́, ọjà á padà, epo ti jó. Ta ló ń ru àdánù yẹn? A mọ̀ pé Zinox ra Konga lọ́dún 2018, a mọ̀ pé Jumia wọ ọjà ìpín ìdókòwò New York lọ́dún 2019. Ìbéèrè ti ọlọ́kadà yìí ni mi ò rí ẹni tó bi í nínú gbogbo ohun tí mo kà. Bóyá oníbàárà fẹ́ràn wẹ́ẹ̀bù ni fọ́ọ̀mù wa máa ń béèrè, àwa akẹ́kọ̀ọ́ náà la sì ń kún un fúnra wa.

Ti waybill tún wá burú jù. Gáréèjì ni àwọn tó ń tajà lórí WhatsApp ń gbé ẹrù lọ: wọ́n á fi báírò kọ nọ́ńbà fóònù sára rẹ̀, dírẹ́bà á gbé e. Nígbà tí mo fẹ́ fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi, wọ́n ní kò sí àkọsílẹ̀ tí mo lè lò. Mo lọ sí gáréèjì kan. Akọ̀wé ibẹ̀ fa ìwé kan yọ lábẹ́ tábìlì: orúkọ ìlú, iye owó, ẹrù tó sọnù, gbogbo rẹ̀ ló wà níbẹ̀. Mo béèrè ti ọdún tó kọjá. Ó ní àwọn ti jó o.

Mo bẹ̀ ẹ́ kó bá mi tọ́jú ti ọdún yìí.