Àwọn Ọ̀rọ̀ Inú Ìwé Orin Akọrin

Bí a bá ṣí ìwé orin tí ẹgbẹ́ akọrin fi ń kọ áńtímù, a ó rí àwọn ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe Yorùbá, tí kì í sì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì. Èdè Ítálì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, nítorí pé láti ọ̀rúndún kẹtàdínlógún ni àwọn olórin Ítálì ti ń fi wọ́n tọ́ akọrin sọ́nà, tí àwọn ará Yúróòpù yòókù sì gbà wọ́n.

Piano, tí a ń kọ ní p, ni kí ohùn rẹlẹ̀. Forte, f, ni kí ó ròkè. Nítorí pé ohun èlò orin tí a mọ̀ sí piano lè ṣe méjèèjì ni a ṣe sọ ọ́ ní pianoforte, kí a tó gé orúkọ náà kúrú. Crescendo ni kí ohùn máa ròkè díẹ̀díẹ̀. Kí àwọn tenor jọ̀wọ́ kíyè sí i: díẹ̀díẹ̀ ni. Largo ń fẹ́ ìfarabalẹ̀, allegro ń fẹ́ ìyára pẹ̀lú ọ̀yàyà. A cappella, èyí tí ó túmọ̀ sí “gẹ́gẹ́ bí ti ilé ìsìn”, ni orin tí a kọ láìsí dùùrù.

Oratorio ni ìtàn, èyí tí ó sábà máa ń wá láti inú Bíbélì, tí a fi orin sọ láìṣe eré. Messiah ti Handel, tí a kọ́kọ́ kọ ní Dublin ní 1742, ni a mọ̀ jù. Nínú rẹ̀ ni recitative wà, níbi tí orin ti ń tẹ̀lé bí ẹnu ṣe ń sọ̀rọ̀. Aria, níbi tí adùn orin ti ń borí. Àti chorus tí gbogbo akọrin ń gbé.

Recitative kò yẹ kó ṣòro fún Yorùbá, nítorí pé ohùn ni ó ya ọkọ, ọkọ́ àti ọkọ̀ sọ́tọ̀. Ọ̀ràn yìí ni T. K. Ekundayo Phillips (1884–1969) fi ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ lé lórí. Ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Charles Phillips, ẹni tí ó ṣiṣẹ́ ìhìnrere ní Oǹdó, ni. Ó tẹ dùùrù ní Kàtídírà Marina, Èkó, láti 1914 títí di 1962, ó sì tẹ ìwé Yoruba Music jáde ní 1953. Ó rí i pé bí a bá gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé ohùn orin òkèèrè, ìtumọ̀ lè dàrú. Bí ẹsẹ kìíní tilẹ̀ bá ohùn mu, ẹsẹ kejì lè má bá a mu, nítorí ohùn orin kì í yí padà. Forte kò lè tún èyí ṣe. Ariwo nìkan ni yóò fi kún un.

Phillips kọ passacaglia kan fún dùùrù lórí orin ìbílẹ̀. Nínú passacaglia, ohùn ìsàlẹ̀ ń tún ara rẹ̀ sọ léraléra, nígbà tí ohùn òkè ń yí padà. Ẹni tí ó bá ti gbọ́ bí omele ṣe ń dún lórí ohun kan náà, tí ìyá ìlù sì ń sọ̀rọ̀, ti mọ ọ̀nà náà.