"Arbitrary": Ìpinnu Tí Kò Ní Àlàyé

Ọ̀rọ̀ tó ń ba aláṣẹ lẹ́rù ni "arbitrary" nínú èdè òfin Gẹ̀ẹ́sì. Òun ni wọ́n fi ń júwe ìpinnu tí ẹni tó di agbára mú ṣàdédé ṣe, bó ṣe wù ú, láìní ìdí tó ṣe é gbọ́ sétí. Ọ̀pọ̀ ògbufọ̀ a máa túmọ̀ rẹ̀ sí "tí kò bófin mu", ṣùgbọ́n ìlò ọ̀rọ̀ náà fi hàn pé ó jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Inú Látìnì ló ti wá. "Arbiter" ni ẹni tí àwọn méjì tó ń ṣaáwọ̀ gbé ẹjọ́ wọn síwájú rẹ̀, nítorí pé wọ́n fọkàn tán ojú inú rẹ̀. Ìdí nìyí tí "arbitration", tó jẹ́ ìdájọ́ láàárín àwọn oníṣòwò láìdé kóòtù, fi jẹ́ ọmọ ìyá rẹ̀. Àpọ́nlé wà nínú èyí. Ẹ̀gàn ló bá "arbitrary" dàgbà. Nígbà tí àwọn ará Faransé gbé Ìkéde Ẹ̀tọ́ wọn jáde ní 1789, ẹ̀yà ọ̀rọ̀ náà ní èdè tiwọn ni wọ́n lò fún àṣẹ tí ẹni tó bá pa á gbọ́dọ̀ jìyà.

Ìkéde Àgbáyé fún Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti 1948 lò ó fún fífi òfin mú ènìyàn, yíyọjú sí ọ̀ràn ilé ẹni, gbígba ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú àti gbígba dúkìá lọ́wọ́ ẹni. Ìwé Àdéhùn Áfíríkà lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ti 1981 náà lò ó.

Ẹjọ́ kan ló là á yé ni jù. Ní òpin 1983, wọ́n ti agbẹjọ́rò kan mọ́lé ní Netherlands fún ohun tó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́sàn-án lọ, nítorí pé ó kọ̀ láti tú àṣírí àwọn oníbàárà rẹ̀. Òfin ìlú náà fàyè gba àtìmọ́lé yẹn. Síbẹ̀, ní 1990, Ìgbìmọ̀ Ẹ̀tọ́ Ọmọnìyàn ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní "arbitrary" ni, torí pé kò pọn dandan, kò sì bá ọ̀ràn náà mu.

Ní Amẹ́ríkà, òfin 1946 lórí iṣẹ́ àwọn àjọ ìjọba fún kóòtù lágbára láti fagi lé ìpinnu tó bá jẹ́ "arbitrary". Ní 1981, àjọ tó ń rí sí ààbò mọ́tò wọ́gi lé ìlànà tó ní kí wọ́n fi airbag tàbí bẹ́líìtì aládàáṣe sínú ọkọ̀ tuntun. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá wọn lẹ́bi ní 1983. Kóòtù kò sọ pé ìjọba kò gbọdọ̀ yí ọkàn padà. Ohun tó sọ ni pé àlàyé wọn kò tó, nítorí wọn kò tilẹ̀ gbé e yẹ̀ wò bóyá airbag nìkan lè ṣiṣẹ́ náà.

Nínú ìṣirò, ọ̀rọ̀ yìí kò ní ẹ̀gàn kankan: nọ́ńbà "arbitrary" ni nọ́ńbà èyíkéyìí tó bá wù ọ́.

Nítorí náà, kí akọ̀ròyìn àti ògbufọ̀ wa kọ́kọ́ wo ibi tí wọ́n ti bá a pàdé. "Èyíkéyìí" ló yẹ ẹ́ nínú ìṣirò. Bó bá jẹ́ ti aláṣẹ, "láìnídìí" tàbí "bó ṣe wù wọ́n" ló sún mọ́ ọn jù, nítorí "tí kò bófin mu" kò lè gbé ẹjọ́ agbẹjọ́rò Netherlands yẹn.